Messene: Ìlú Tí Àwọn Ẹrú Sparta Padà Wá Tẹ̀ Dó

Kí wọ́n tó fi òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀ ní Messene, ẹbọ ni wọ́n kọ́kọ́ rú. Àwọn ará Thebes rú tiwọn, àwọn ará Argos rú tiwọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wá ké pe àwọn akọni Messenia tó ti kú pé kí wọ́n padà wá bá àwọn gbé, orúkọ Aristomenes, balógun tó gbéjà ko Sparta láyé àtijọ́, ni ohùn gbogbo wọn sì pọ̀ pè jù lọ. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí fèrè Boeotia, ilẹ̀ àwọn ará Thebes, àti ti Argos ń dún bí wọ́n ti ń to òkúta odi. Arìnrìn-àjò kan, Pausanias, ló kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 369 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, ní ẹsẹ̀ òkè Ithome, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gíríìsì.

Àwọn tó ń ké pe bàbá ńlá wọn lọ́jọ́ náà ti pẹ́ lóko ẹrú. Ilẹ̀ Messenia lọ́ràá, òkè Taygetos nìkan ló sì là á kúrò lára ilẹ̀ Sparta. Láàárín ọ̀rúndún kẹjọ sí ìkeje ṣáájú ìbí Kristi, Sparta fogun gbà á, ó sọ àwọn ọmọ onílẹ̀ di hẹ́lọ́ọ̀tì, ìyẹn ẹrú tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀ tó ń ro. Ìdajì irè oko wọn ni wọ́n ń gbé fún ọ̀gá. Oúnjẹ yìí ló jẹ́ kí ọkùnrin Sparta lè fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ṣẹ́ ogun láì fọwọ́ kan ọkọ́. Títí dòní ni ayé ń yin akin Sparta. Ẹni tó ń bọ́ wọn kò yẹ ní ẹni ìgbàgbé.

Sparta bẹ̀rù ẹrú rẹ̀ gidigidi. Lọ́dọọdún ni àwọn ìjòyè rẹ̀ ń kéde ogun lé hẹ́lọ́ọ̀tì lórí, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n bá pa má baà wà lọ́rùn wọn. Thucydides, tó kọ ìtàn ogun Athens òun Sparta, sọ ohun kan tó ń bà mí nínú jẹ́ nígbàkígbà tí mo bá kà á. Sparta ní kí àwọn hẹ́lọ́ọ̀tì yan àwọn tó ṣe bí akọni jù láàárín wọn lójú ogun, pé òun fẹ́ dá wọn sílẹ̀. Wọ́n yan bí 2,000. Wọ́n dé adé òdòdó, wọ́n yí àwọn ojúbọ po tayọ̀tayọ̀ bí ẹni tó ti gba òmìnira. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi dàwátì, ẹnikẹ́ni kò sì mọ bí wọ́n ṣe pa ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lójú Sparta, ẹni tó bá gbà pé òmìnira tọ́ sí òun ni yóò kọ́kọ́ ṣọ̀tẹ̀.

Ṣáájú èyí, ní nǹkan bí ọdún 464, ilẹ̀ mì tìtì, ó wó Sparta lulẹ̀. Àwọn ará Messenia bá gun Ithome lọ, wọ́n ṣọ̀tẹ̀. Sparta sàga tì wọ́n fún ọdún mélòó kan, apá rẹ̀ kò ká wọn. Athens rán ọmọ ogun wá ràn án lọ́wọ́, Sparta fura sí wọn, ó lé wọn padà sílé, ìbínú ìyẹn sì ba ọ̀rẹ́ ìlú méjèèjì jẹ́. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gbà láti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, Athens ló fún wọn ní Naupactus létí òkun láti máa gbé.

Wọ́n san oore náà padà fún Athens lọ́dún 425, nínú ogun rẹ̀ pẹ̀lú Sparta, ní erékùṣù Sphacteria. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ pẹ̀lú Sparta, wọ́n sì mọ ilẹ̀ náà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Àwọn ará Sparta ti há mọ́ ìpẹ̀kun erékùṣù, Athens kò rí ọ̀nà wọlé sí wọn. Ọ̀gágun Messenia kan ní kí wọ́n fún òun ní àwọn tafàtafà. Ó fi etí òkúta gígọ̀ọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ gbé wọn gòkè, wọ́n sì yọ sí Sparta lẹ́yìn. Ènìyàn 292 juwọ́ sílẹ̀, nǹkan bí 120 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ onílùú Sparta gan-an. Ẹnu ya gbogbo Gíríìsì, torí wọ́n gbà pé ọmọ Sparta kì í juwọ́ sílẹ̀. Láti inú ìkógun ni àwọn ará Messenia ti ní kí Paionios gbẹ́ ère Nike, òrìṣà ìṣẹ́gun, fún wọn, wọ́n gbé e kalẹ̀ ní Olympia. Wọ́n kọ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀ pé ìdámẹ́wàá láti ọwọ́ ọ̀tá ni. Wọn kò dárúkọ ọ̀tá. Àwọn ọmọ wọn sọ lẹ́yìnwá pé ìbẹ̀rù Sparta ló fà á.

Athens ṣubú lọ́dún 404, Sparta sì lé àwọn ará Messenia kúrò ní Naupactus. Àwọn kan sá lọ sí Sicily, àwọn kan kọjá sí etí òkun Líbíà nílẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 371 ni Epaminondas ará Thebes wá ṣẹ́gun Sparta ní Leuctra: ọba wọn Cleombrotus kú, 400 sì kú nínú 700 ọmọ onílùú tó wà lójú ogun. Epaminondas wọ ilẹ̀ Sparta fúnra rẹ̀, ó dá Messenia sílẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ káàkiri sí àwọn tó ti fọ́n ká pé kí wọ́n máa bọ̀ wálé. Odi tí wọ́n mọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́sàn-án yíká. Ibodè tó kọjú sí Arcadia ṣì wà níbẹ̀: ẹnu-ọ̀nà méjì, àgbàlá rìbìtì láàárín wọn, kí ọ̀tá tó bá gba ti àkọ́kọ́ lè há sáàárín.

Lójú tèmi, Leuctra ṣá Sparta lọ́gbẹ́, Messene ló gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ilẹ̀ tó ń bọ́ ọmọ ogun rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn ogun Mantinea ní 362, níbi tí Epaminondas kú sí, àwọn ìlú yòókù búra àlàáfíà, wọ́n ka Messene mọ́ ara wọn. Sparta nìkan ló kọ̀.

Ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn náà tí Messene àti Sparta ṣì ń du ilẹ̀ ààlà. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí Miletus, níwájú adájọ́ 600. Àwọn 584 dá Messene láre, 16 dá Sparta láre. Ẹsẹ̀ ère Nike ní Olympia ni àwọn ará Messene fín ìdájọ́ náà sí, wọ́n sì dárúkọ Sparta.