Òǹwòran gẹ́gẹ́ bí Adájọ́: Èrò láti Obbo-Ilé lórí Ìtàn Eré Amóhùnmáwòrán àti Sinimá Yorùbá

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú tí ó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ òǹwòran Yorùbá rí. Nígbà tí àwọn eré olówó ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí Netflix ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ojú tí ó ń wò wọ́n kì í ṣe ojú àkọ́là. Ó ti wo eégún, ó ti wo eré alárìnjò, ó ti wo amóhùnmáwòrán àti fíìmù àgbéléwò. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ lórí eré Yorùbá dá lórí òǹkọ̀wé, olùdarí àti òṣèré. Òǹwòran ni a kì í sábà bi léèrè. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó gbìyànjú láti wo ìtàn náà láti ẹ̀gbẹ́ òǹwòran, pàápàá ẹni tí ó fi Obbo-Ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara, ṣe ibùjókòó rẹ̀. Èrò wa ni pé òǹwòran ní òṣùwọ̀n tí ó fi ń dá ẹjọ́ eré, àti pé bí eré ṣe ń lówó lórí sí i ni ẹjọ́ náà ń jìnnà sí etí eléré.

Òṣùwọ̀n òǹwòran kí amóhùnmáwòrán tó dé

Àgbègbè tí à ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì sí ìran wíwò. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà bí Arẹògún ti Òsì, tí ó kú ní 1954, àti Bámigbóyè ti Odò-Ọwá, tí ó papò dà ní 1975, gbẹ́ àwọn agọ̀ Ẹpa tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn tí ó dá lórí iṣẹ́ Bámigbóyè nìkan. Ṣùgbọ́n a kò gbẹ́ Ẹpa kí ó dúró jẹ́ẹ́ sínú àpótí onígíláàsì. Orí ènìyàn ni a ń gbé e lé. Ẹni tí ó gbé igi tí ó wúwo bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fò sórí òkìtì níṣojú gbogbo ìlú. Bí ó bá fò ó láìkọsẹ̀, ayọ̀ ni. Bí ó bá kọsẹ̀, àmì tí kò dára ni. Òǹwòran ni ó rí i, òun náà ni ó sì ń sọ bí ó ti rí.

Bákan náà ni ó rí nínú eré alárìnjò. Ní 1826, Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fi òyìnbó ṣe ẹ̀fẹ̀, inú àwọn òǹwòran sì dùn sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ̀rín náà jẹ́ ìdájọ́: wọ́n ti gbà pé eléré mú òyìnbó jọ.

Láti inú irú ìṣesí báyìí, a lè tọ́ka sí òṣùwọ̀n mẹ́ta. Èkíní ni èdè: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu òṣèré? Èkejì ni òótọ́ àṣà: ǹjẹ́ bí wọ́n ṣe kí ọba, bí wọ́n ṣe wọṣọ, bí wọ́n ṣe jókòó níwájú àgbà bá ohun tí a mọ̀ mu? Ẹ̀kẹta ni ẹ̀san: ǹjẹ́ ohun tí ènìyàn gbìn ni ó ká?

Amóhùnmáwòrán àti ààlà ìjọba

Ní ọjọ́ 31, oṣù Ọ̀wàrà, 1959, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí a mọ̀ sí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni eré Aláwàdà ti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Ṣùgbọ́n ààlà kan wà níbẹ̀ tí ìtàn eré kì í sábà mẹ́nu kàn. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Obbo-Ilé, Òsì àti Ìlọ́fà wà nígbà náà. Kàdúná ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìjọba Àríwá fìdí kalẹ̀ sí ní 1962. Títí di 1967 tí a dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀, ìjọba tí ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ́ ni ó ní amóhùnmáwòrán tí ń sọ èdè wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ òǹwòran ẹ̀yìn odi: ti àwọn ni èdè, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ẹ̀rọ wà.

Sinimá àti fíìmù àgbéléwò

Sinimá ni ó kọ́kọ́ mú ọmọ Kwara wá sí iwájú. Nínú *Àjàní Ògún*, tí Ọlá Balógun darí ní 1976, Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, ọmọ bíbí Àgbàmú, ni ó kó ipa aṣáájú. Ní 1979, òun náà gbé *Ìjà Òmìnira* jáde láti inú *Ọmọ Olókùn-Ẹṣin*, ìtàn àròsọ tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní 1969. Ọdún 1979 náà ni Hubert Ògúndé wọ inú sinimá pẹ̀lú *Aiyé*. Eléré kò tíì jìnnà sí òǹwòran nígbà náà. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé fíìmù kiri, ó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ bí wọ́n ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn olè da *Ọ̀run Mooru* ti Bàbá Sàlá, tí ó jáde ní 1982, kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, gbèsè ni ó kù sí i lọ́rùn. Òǹwòran tí ó wo ayédèrú yẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sanwó ẹ̀rín.

Nínú fíìmù àgbéléwò tí ó tẹ̀ lé e, *Ṣaworoidẹ* (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Túndé Kèlání sì darí, ni a rí i pé ó kún òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jù. Èdè rẹ̀ jinlẹ̀ láìdi àdììtú. Ọba Lápité kọ̀ láti búra bí àṣà Jogbo ti là á kalẹ̀. Ológun Lágata gba ìjọba pẹ̀lú ìbọn, ó dé adé, ìlù sì mú un. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni fíìmù náà jáde. Òǹwòran kò nílò alálàyé kankan. Owó tí a ná sí i kò tó ti òde òní, ṣùgbọ́n òwe rẹ̀ kò tíì gbó.

Eré olówó ńlá: ohun tí a jèrè àti ohun tí a pàdánù

*Aníkúlápó* ti Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, bọ́ sórí Netflix ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, 2022. *Ẹlẹ́ṣin Ọba* tẹ̀ lé e ní oṣù Bélú. *Jagun Jagun* dé ní 2023, *Líṣàbí* àti *House of Ga'a* sì dé ní 2024. Kò yẹ kí a fi ìmọ́lẹ̀ sábẹ́ òṣùwọ̀n: àwòrán wọn mọ́ gaara, aṣọ àti ilé inú wọn gbayì, Yorùbá sì di èdè tí ará Brazil tàbí Japan ń fetí sí láìtijú. Bí Sàró, ahunṣọ inú *Aníkúlápó*, ṣe ti ipò àlejò di ẹni tí ń jí òkú, tí ìgbéraga sì bì í ṣubú, bá òṣùwọ̀n ẹ̀san mu. Àbùkù tí a rí ni pé ní 2024, nígbà tí a sọ ìtàn náà di eré alápá púpọ̀, Sàró tí a ti rò pé ẹ̀san ti kò lórí tún padà wá. Ọjà ni ó ń fẹ́ kí ìtàn máa gùn. Àlọ́ ní tirẹ̀ mọ ibi tí ó yẹ kí ó parí sí.

Èyí tí ó ká wa lára jù ni ọ̀rọ̀ ibi tí ìtàn ti ń wá. Ọ̀yọ́ ni *Aníkúlápó*, Ọ̀yọ́ ni *Ẹlẹ́ṣin Ọba*, Ọ̀yọ́ náà ni ti Baṣọ̀run Gáà, tí Fálétí ti kọ eré lé lórí ní 1972. Ẹ̀gbá ni Líṣàbí. Nínú gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan tí ó fi ìtàn ìlú Èkìtì Kwara ṣe ìpìlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àgbègbè tí ogun Ìlọrin, ogun Nupe àti ogun Ìbàdàn kọjá lórí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò lè ṣaláìní ìtàn. Níbi tí Ọ̀yọ́ ti ń pe “ilé”, Èkìtì ń pe “ulé”. Ọmọ tí kò gbọ́ “ulé” rí lẹ́nu ọba tàbí jagunjagun nínú fíìmù yóò rò pé èdè inú oko ni èdè ìyá òun. A kò sọ pé kí a má ṣe eré Ọ̀yọ́ mọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹ̀ka kan kì í jẹ́ igbó.

Ta ni òǹwòran Obbo-Ilé yóò wí fún? Netflix ń ka wákàtí tí a fi wo eré, ó sì ń kéde rẹ̀. Wákàtí ni ó ń kà, kì í ka ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wo eré dé òpin pẹ̀lú ìbínú àti ẹni tí ó wò ó pẹ̀lú ayọ̀ jẹ́ bákan náà nínú ìṣirò yẹn.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé òǹwòran ti ń dájọ́ láti ìgbà Ẹpa, àti pé èdè, òótọ́ àṣà àti ẹ̀san ni ó fi ń ṣe òṣùwọ̀n. A tún fi hàn pé ohùn rẹ̀ tí eléré ń gbọ́ lójú agbo rí ti di iye wákàtí. Ojúṣe méjì ni èyí gbé lé àwa olùkọ́ lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ èrò wọn lórí eré sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ìdájọ́ má bàa parí sórí ìjókòó. Èkejì, kí a rán wọn lọ gba ìtàn ogun, ìtàn oyè àti ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè sílẹ̀ ní Obbo-Ilé, Òsì, Ọ̀pin àti Ìlọ́fà, lọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ó ṣì kù. Òǹkọ̀wé eré kò lè fi ohun tí a kò kó jọ ṣiṣẹ́. Bí a bá kùnà, ìtàn Ọ̀yọ́ nìkan ni àwọn ọmọ wa yóò mọ̀ sí ìtàn Yorùbá, a kò sì ní rí ẹni dá lẹ́bi bí kò ṣe ara wa.