Ọfà, Odó àti Ohun Tí Tafàtafà Mọ̀

“Ìwọ tó ta ọfà sókè, tó yí odó borí: bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́.” Òwe tí àgbà fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń hùwà ìkà ní kọ̀rọ̀ nìyí, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń dúró sí ni pé Ọlọ́run ń ríran. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí òwe náà tó dé ọ̀dọ̀ ọba ọ̀run, ó ti sọ ohun mẹ́ta nípa ọfà: pé èyí tó lọ sókè ń bọ̀ wá sílẹ̀, pé àyè wà láàárín àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, àti pé agbára tó ń bá a bọ̀ pọ̀ débi pé odó la fi ń gbà á. Ẹni tí kò fa ọrun rí kò lè pa irú òwe bẹ́ẹ̀.

Àwa ará Ìgbómìnà kò ṣàjèjì sí ọrun: ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti Ìlọrin bọ̀ dé Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà àti ti Òmù-Àrán ti pínyà, yóò rí i pé ojú ń ríran jìnnà níbẹ̀ ju inú igbó kìjikìji lọ. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló bá ọfà mu. Ní àríwá wa, ní Jẹ́bà lórí odò Ọya, ère tafàtafà kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n fi idẹ rọ, tòun ti apó rẹ̀. Ó wà lára iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà tí ayé mọ̀ jù. Nígbà tí arìnrìn-àjò Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ọrun àti ọfà wà lára ohun ìjà tó bá lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ogun ibẹ̀. Ìbọn ló wá gba ipò wọn. Nígbà tí ogun Jálumi fi bẹ́ sílẹ̀ ní Ìkìrun ní 1878, ìbọn ti di ọ̀gá lójú ogun, ọrun sì ti padà sọ́wọ́ ọdẹ àti sí ojúbọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé òrìṣà náà dé Brazil, títí dòní ọrun àti ọfà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ ká mọ̀ nípa ọfà àwọn baba wa: wọn kò gbé gbogbo iṣẹ́ lé eré rẹ̀ lórí. Oró ló ń parí iṣẹ́. Àjàrà kan wà nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Strophanthus hispidus; èso rẹ̀ ni wọ́n ń sè fi ra ẹnu ọfà, oró inú rẹ̀ a sì dá ọkàn ẹran dúró. Oró irú igi yìí náà ni àwọn dókítà Yúróòpù wá sọ di oògùn ọkàn nígbà tó yá. Nítorí náà, bí ọfà bá ti lè wọ awọ ẹran, ó ti tó, ọrun tó fúyẹ́ sì lè ṣe iṣẹ́ ọdẹ. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ ogun wọn, Mary Rose, tó rì ní 1545 tí wọ́n sì gbé jáde lómi ní 1982, wọ́n bá ọrun tó lé ní 130 tó ṣì wà lódindi. Agbára ẹni tó ń gbé ẹrù kílò 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń fa wọn, torí pé eré àti ìwúwo ọfà nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń gbẹ́ ọrun, torí pé inú igi ni eré ọfà ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi tó gùn gbọọrọ tí kò ní kókó la ń wá, èyí tí a bá tẹ̀ tí yóò padà sí bó ṣe wà, bí pàṣán àtòrì ṣe ń ṣe. A ó là á, a ó sì gbé e sí ibòji fún oṣù mélòó kan kó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá sáré gbẹ nínú oòrùn yóò là fúnra rẹ̀. Ọrun ní ojú méjì. Ojú inú kọ sí ẹni tó ń fà á, ojú òde kọ sí ohun tó fẹ́ ta. Bí a bá fa okùn, ojú òde ń nà, ojú inú ń fún pọ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fi ọ̀bẹ kan ojú òde lẹ́yìn tí a bá ti bó èèpo rẹ̀: ibi tí a bá gé níbẹ̀ ni yóò ti fà ya. Ojú inú la ń fá.

Fífá yìí gba sùúrù, torí pé ìṣirò tó le wà nínú rẹ̀. Bí ìbú igi bá di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí nínípọn rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tó bá fá ìdá kan nínú mẹ́wàá nínípọn ọrun kúrò ti sọ ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin líle rẹ̀ nù, igi tí a bá sì fá kúrò kì í padà sí àyè rẹ̀. Nítorí náà, a ó fá díẹ̀, a ó so okùn, a ó fà á díẹ̀, ẹlòmíràn á dúró lókèèrè á máa wo bí apá méjèèjì ṣe ń tẹ̀. Apá tó bá le la ó fá. Èyí tó bá rọ̀, a ó fi í sílẹ̀. Ṣóńṣó méjèèjì gbọ́dọ̀ fúyẹ́, torí ibẹ̀ ló ń sáré jù nígbà tí okùn bá kúrò lọ́wọ́. Bí a bá ta á tán, a ó tú okùn. Ọrun tó bá gbé okùn lára láti àárọ̀ dalẹ́ yóò kọ́ títẹ̀, eré rẹ̀ á dín. Ojú ọjọ́ náà lọ́wọ́ sí i: lásìkò òjò igi ń fa omi mu, ó ń lọ́ra; lásìkò ọyẹ́ ó ń gbẹ jù, ó sì lè kán.

Ọrun onígi kan tí a gbẹ́ dáadáa, tó gba agbára nǹkan bí kílò 23 ká tó fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, lè ta ọfà gíráàmù 32 ní nǹkan bí mítà 45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn lé ní kìlómítà 160 ní wákàtí kan. Nínú agbára tí apá kó sínú igi, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ló ń bá ọfà lọ. Ìyókù ń bá igi àti okùn jìgìjìgì. Ọfà tó bá wúwo ń gba agbára púpọ̀ ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra. Èyí tó fúyẹ́ ń yára, ṣùgbọ́n ó ń fi agbára sílẹ̀ lára ọrun. Ẹni tó bá fa ọrun tó sì jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀ dá gbogbo agbára náà padà sínú igi, ọ̀pọ̀ ọrun ló sì ti kán bẹ́ẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ eré yìí? Ní 1923, dókítà Saxton Pope tẹ ìwé jáde ní Yunifásítì California lórí àwọn ọrun tó dán wò. Bí ọfà wọn ṣe jìn tó ló wọ̀n. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn àti bí a ṣe gbé ọwọ́ sókè máa ń da irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ rú. Benjamin Robins ti fi ọ̀nà míràn hàn nínú ìwé tó kọ nípa ìbọn ní 1742: ta á sínú ohun tí a so rọ̀, kí o wo bó ṣe fì tó. Bí a bá so àpò iyanrìn kílò 5 rọ̀ sórí okùn mítà 2, tí ọfà wa sì wọ inú rẹ̀ ní mítà 45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, àpò yóò fì sẹ́yìn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 13. Bí ó bá jẹ́ mítà 40, yóò fi díẹ̀ lé ní 11. Lóde òní, fóònù tó ń ya àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tó iṣẹ́ yìí ṣe: láti àwòrán kan sí èkejì, ọfà ti lọ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 19.

Pẹ̀lú ìwọ̀n yìí, ẹ jẹ́ ká yẹ òwe náà wò. Ọfà tó gbéra sókè ní mítà 45 yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin àtààbọ̀ kó tó dúró, yóò sì lo bẹ́ẹ̀ kó tó padà, bí a kò bá ka ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni. Ó tó láti yí odó borí, bí odó bá ti wà nítòsí. Níbẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tafàtafà inú òwe náà wà. Odó kì í ṣèèṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tafàtafà. Ó gbé e síbẹ̀ kó tó fa okùn. Ó mọ̀ pé ọfà ń bọ̀, ó mọ àkókò rẹ̀, ó mọ bí yóò ṣe dunni tó. Ará ilé rẹ̀ tó ń fẹ́ná lẹ́yìnkùlé kò mọ nǹkan kan, kò sì ní odó lórí. Tafàtafà kò lè sọ pé òun kò mọ̀, torí odó tó fi borí ni ẹlẹ́rìí. Olówó ìlú tó kó owó ilé ìwòsàn jẹ, tó sì ń gbé ọmọ tirẹ̀ lọ sókè òkun fún ìtọ́jú, ọmọ ìyá tafàtafà yìí ni.

Òwe kì í dùn lẹ́nu ẹni tí kò mọ ohun tí òwe náà fi ṣe àpèjúwe. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Àjàṣẹ́-Ìpo, Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí rò: kí àgbà tó mọ igi wá kọ́ ọmọ ní gbígbẹ́, kí olùkọ́ físíìsì so àpò iyanrìn rọ̀, kí òkìtì erùpẹ̀ gíga wà lẹ́yìn àpò, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú, kí ọmọ kankan má sì ta á sókè. Igi kò wọ́n, fóònù ti wà lápò. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ọrun, tó wọn eré ọfà rẹ̀, tó sì ṣírò ìgbà tí yóò bọ̀, ti kọ́ ìṣirò àti ìwà lẹ́ẹ̀kan náà.