Bí àpótí ìpamọ́ fáìlì ilé yín bá kú, ẹ má kánjú: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe

Iná lọ, ó tún dé pẹ̀lú agbára tó ga jù, àpótí tí ẹbí kó fọ́tò ìgbéyàwó, fídíò ìsìnkú òbí àti ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ sí ò sì tàn mọ́. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé gbogbo ẹ̀ ti ṣègbé. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àpótí ló kú, àwọn fáìlì ṣì wà lórí dísìkì. Ohun tó sábà máa ń pa fáìlì lẹ́yìn náà ni ìkánjú ẹni tó fẹ́ tún un ṣe.

Kí ni àpótí yìí?

NAS ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni, tó ní àyè fún háàdì dísìkì méjì, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo fóònù àti láptọ́ọ̀pù inú ilé lè kó fáìlì síbẹ̀.

Ètò tó so àwọn dísìkì náà pọ̀ bíi ẹyọ kan là ń pè ní RAID. Lọ́dún 1988 ni David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, Amẹ́ríkà, gbé ìwé ìwádìí jáde lórí ẹ̀. Èrò wọn ni pé ọ̀pọ̀ dísìkì kéékèèké tí kò wọ́n lè ṣe iṣẹ́ dísìkì ńlá olówó gọbọi.

- RAID 0: Ó pín fáìlì sórí gbogbo dísìkì láì ní ẹ̀dà. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo ẹ̀ ló bá a lọ.
- RAID 1: Ohun kan náà ló wà lórí dísìkì méjèèjì. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì wà níbẹ̀.
- RAID 5: Dísìkì mẹ́ta ló kéré jù. Ó fi ìṣirò kan pamọ́ káàkiri wọn, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, àwọn tó kù lè dá ohun tó wà lórí ẹ̀ padà. Bí dísìkì mẹ́ta bá jẹ́ 4TB níkọ̀ọ̀kan, 8TB lẹ máa rí lò.
- RAID 6: Dísìkì mẹ́rin ló kéré jù, ó sì lè fara da ikú méjì.

Kí ló kú gan-an?

Bí iná ara àpótí ò bá tàn rárá, ẹ kọ́kọ́ wo ṣájà tó ń gbé iná wọ inú ẹ̀. Ẹ wá òmíràn tí ẹnu ẹ̀ bá a mu, tí nọ́ńbà V ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, tí ti A ò sì kéré sí i. Bí ṣájà tuntun ò bá jí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ ló jóná.

Bí dísìkì bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tú u, torí eruku táṣẹ́rẹ́ lè bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ má sì gbé e sínú fíríìsà.

Ohun tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe

- Ẹ má yọ dísìkì kankan láì kọ nọ́ńbà àyè ẹ̀ sí i lára.
- Bẹ́ ẹ bá so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà Windows, ó lè ní kẹ́ ẹ tẹ "Initialize" tàbí "Format". Ẹ tẹ "Cancel".
- Bí àpótí tuntun bá ní òun fẹ́ dá RAID tuntun sílẹ̀, ẹ má gbà.
- Bó bá jẹ́ pé dísìkì kan ló kú nínú RAID 5, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn fáìlì tó ṣe pàtàkì jù jáde kẹ́ ẹ tó ki tuntun bọ̀ ọ́. Nígbà tó bá ń tún ara ẹ̀ ṣe, ó gbọ́dọ̀ ka àwọn dísìkì tó kù látòkèdélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tó ti rẹ̀ lára wọn lè kú síbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe lè rí fáìlì yín gbà padà?

1. Ẹ ṣe ẹ̀dà dísìkì kọ̀ọ̀kan sórí òmíràn tí kò kéré sí i. GNU ddrescue, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, máa ń kọ́kọ́ da ibi tó dáa kọ, kó tó padà sí ibi tó bàjẹ́. Ó lè ṣe àkọsílẹ̀ ibi tó dé, kó lè máa bá iṣẹ́ lọ bí iná bá lọ. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́. Ẹ fi ojúlówó pamọ́.

2. Linux ló wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí wọ̀nyí, Synology wà lára wọn. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà Linux lásán lè ka àwọn dísìkì náà. Àṣẹ "mdadm --examine" máa ń fi ipò dísìkì kọ̀ọ̀kan hàn, pẹ̀lú nọ́ńbà "Events". Èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ fi púpọ̀ kéré sí ti àwọn yòókù ti kúrò lẹ́gbẹ́ tipẹ́. Ẹ má fi kún un.

3. Ẹ lo "mdadm --assemble --readonly" láti kó wọn jọ láì kọ nǹkan kan sí wọn, kẹ́ ẹ wá da fáìlì kọ síbòmíràn. Ẹ jìnnà sí "--create", torí àkọsílẹ̀ tuntun ló ń kọ lé ti àtijọ́ lórí.

Bó bá jẹ́ dísìkì méjì ló kú nínú RAID 5, tàbí dísìkì ń dún, tí fáìlì náà ò sì ní arọ́pò, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gbígba fáìlì padà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, láì tún tàn án.

Ṣé RAID nìkan tó?

Kò tó. Fáìlì tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ máa pa rẹ́ lórí gbogbo dísìkì lẹ́ẹ̀kan náà, olè sì lè gbé àpótí lọ tòun ti gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níta ilé. Ẹ tún so àpótí náà mọ́ UPS. Ṣájà ṣeé rà lọ́jà, àpótí náà ṣeé rà. Fọ́tò ẹni tó ti kú ò ṣeé yà mọ́.