Ẹ̀yà Linux wo ló ń jẹ́ kí bátìrì láàpútọ́ọ̀pù pẹ́? Èyí tó fúyẹ́ jù lọ lè má ṣe é

Láti ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, tí iléeṣẹ́ Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni kò mọ èyí tí wọn yóò ṣe mọ́. Ẹ̀rọ wọn kò bàjẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n Windows 11 kò fẹ́ ẹ, torí pé ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CPU, ti pẹ́ ju èyí tí Microsoft fọwọ́ sí lọ. ThinkPad T470 tí Lenovo gbé jáde lọ́dún 2017 wà lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ni ín bá sì béèrè ohun tó lè ṣe lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ràn tí yóò sábà gbọ́ ni pé kó gbé Linux tó fúyẹ́ sí i, pé bátìrì rẹ̀ yóò pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Òótọ́ wà nínú ìmọ̀ràn náà, àmọ́ kò pé. Fífúyẹ́ táwọn èèyàn ń sọ, ọ̀rọ̀ RAM ni, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. Bátìrì kò mọ ti RAM púpọ̀. Ohun tí bátìrì mọ̀ ni bí ọpọlọ ẹ̀rọ ṣe ń rí oorun sùn tó láàárín iṣẹ́, bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe mọ́lẹ̀ tó, àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn tí kò sí ẹni tó pa wọ́n nígbà tí wọn kò ní nǹkan kan í ṣe. Ẹ̀yà Linux kan lè fúyẹ́ bí ìyẹ́, kó má sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Fún àwa tí à ń gbé lórílẹ̀-èdè yìí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Orúkọ NEPA ti di ohun àtijọ́ láti ọdún 2005, síbẹ̀ ariwo pé wọ́n ti mú iná lọ kò tíì di ohun àtijọ́. Epo bẹntiróòlù tí à ń bù sínú jẹnẹrétọ̀ sì ti gbówó lórí gan-an láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún, ọdún 2023. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lóru, wákàtí méjì tó bá lé lórí bátìrì lè jẹ́ orí kan odidi nínú iṣẹ́ náà.

Fún ẹni tí kò bá tíì gbọ́ nípa rẹ̀, Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ìlú Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland. Ohun tí òun ṣe gan-an ni wọ́n ń pè ní kernel, orúkọ náà sì bá a mu, torí bí èkùrọ́ ṣe wà nínú ẹyìn ni òun náà ṣe wà láàárín gbùngbùn ètò: òun ló ń bá CPU, bátìrì àti ojú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ló wá ń fi ẹran àti èèpo bò ó, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ tiwọn. Debian bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993, Ubuntu tó ti inú rẹ̀ jáde bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, Linux Mint sì tẹ̀lé e lọ́dún 2006. Kò sí èyí tí wọ́n ń tà nínú wọn.

Apá tí ojú ń rí, ìyẹn àwọn fèrèsé, àtẹ ìsàlẹ̀ àtàwọn àwòrán kéékèèké tí à ń tẹ̀, iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì tún ni. GNOME àti KDE Plasma lẹ́wà, ohun ọ̀ṣọ́ wọn sì pọ̀. Xfce àti LXQt kì í ṣe fààrí tó bẹ́ẹ̀. Xubuntu àti ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dà Linux Mint ń lo Xfce, Lubuntu ń lo LXQt láti ọdún 2018, antiX sì ń lo IceWM tó kéré sí gbogbo wọn. Puppy Linux, tí Barry Kauler bẹ̀rẹ̀ ní Australia lọ́dún 2003, lè kó gbogbo ara rẹ̀ sínú RAM kó sì máa ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀.

Ibo wá ni fífúyẹ́ ti wúlò? Ibi tí RAM bá ti kéré ni. Bí ẹ̀rọ bá ní gígábáìtì 2 tàbí 4, tí GNOME gba tirẹ̀ níbẹ̀, tí Firefox gba ìyókù, kọ̀ǹpútà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù láti inú RAM lọ sórí díìsìkì, yóò tún máa kó o padà, làálàá yẹn sì ń jẹ bátìrì. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ní gígábáìtì 8 tàbí 16, àyè tó ṣófo nínú RAM kò ṣe bátìrì lóore kankan, nítorí pé àtèyí tó ṣófo àtèyí tó kún, iná kan náà ló ń gbé wọn ró.

CPU ló yẹ ká wò. Bí ẹ bá ń ka ìwé lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ kò tẹ nǹkan kan, CPU kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì yẹ kó sùn. Oorun rẹ̀ ní ìpele: bó bá ṣe wọra tó ni iná tó ń jẹ yóò ṣe kéré tó. Kí ọdún 2007 tó dé, kernel Linux máa ń jí i ní iye ìgbà kan pàtó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ ìgbà 100, 250 tàbí 1,000, yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí. Ta ni wọn yóò máa jí bẹ́ẹ̀ tí yóò rí oorun gidi sùn? Ẹ̀dà 2.6.21 tó jáde lóṣù Kẹrin, ọdún 2007 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí àṣà náà, tó ń fi CPU sílẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi dé. Lọ́dún yẹn kan náà ni Intel gbé PowerTOP jáde, ohun èlò tó ń fi ètò tó bá ń jí CPU láìnídìí hàn ní gbangba. Ọ̀pọ̀ ètò tí ẹnikẹ́ni kò fura sí ni àṣírí wọn tú, àwọn tó ṣe wọ́n sì ní láti lọ tún iṣẹ́ wọn ṣe.

Ẹ̀rí tó dájú jù pé kì í ṣe ojú lásán la fi ń yan Linux nítorí bátìrì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2011. Kernel 2.6.38 jáde lóṣù Kẹta ọdún náà, bátìrì àwọn láàpútọ́ọ̀pù kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í tètè tán. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé kernel ti yí ọwọ́ tó fi ń mú ASPM padà, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn ẹ̀yà bíi káàdì Wi-Fi fi ń sinmi bí wọn kò bá níṣẹ́. Ó di ọdún 2012, nínú ẹ̀dà 3.3, kí iṣẹ́ tí Matthew Garrett ṣe tó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tó ń lo Xfce àti ẹni tó ń lo GNOME jọ jẹ ìyà náà ni, bí kernel wọn bá ti jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìdí nìyí tí ẹ̀yà Linux tó kéré gan-an, àmọ́ tí kernel rẹ̀ ti gbó, fi lè tètè gbẹ bátìrì ẹ̀rọ tó tuntun jù ú lọ. Òmíràn wà tí wọ́n dín kù débi pé kò sí ohun tí yóò dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù bí ẹ bá dìde kúrò nídìí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá tún ní ẹ̀yà àwòrán NVIDIA pẹ̀lú ti Intel, tí kò sí ohun tó ń pa ti NVIDIA, òun nìkan tó láti ba ètò gbogbo jẹ́. Fídíò náà ńkọ́? Bí CPU bá ń fúnra rẹ̀ tú fídíò, kò ní sùn rárá. Láti orí Firefox 115, tó jáde lóṣù Keje, ọdún 2023, ni wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ yẹn lé ẹ̀yà àwòrán Intel lọ́wọ́ lórí Linux láìjẹ́ pé ẹni tó ń lò ó ṣe wàhálà kankan.

Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí láìwọ̀n ọ́n wò, tiwa náà wà níbẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀yà méjì tí ẹ ń rò sórí fláàṣì, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ láti orí fláàṣì náà láìtíì fọwọ́ kan ohun tó wà lórí díìsìkì. Ẹ yọ ṣájà, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ sí ìwọ̀n kan náà fún méjèèjì, ẹ ṣí ojú ìwé kan náà, kí ẹ dúró bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ upower -d. Iye wáàtì tí ẹ̀rọ ń jẹ ni yóò wà níwájú energy-rate. T470 ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹyọ kan ló sì ń lò lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà bí ọ̀kan bá fi òdo hàn, ẹ wo ìkejì. Bí méjèèjì bá jẹ́ wáàtì-wákàtí 24, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì 12 yóò lo wákàtí 4, èyí tó ń jẹ wáàtì 6 yóò lo wákàtí 8. Ẹ fi energy-full wé energy-full-design nínú èsì yẹn kan náà. Bí àkọ́kọ́ kò bá tó ìdajì ìkejì, bátìrì ló ti gbó, kò sí ẹ̀yà Linux tó lè sọ ọ́ di ọmọdé.

Ní tiwa, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ní gígábáìtì 8 lè mú Linux Mint oní-Xfce tàbí Debian 13, kó sì fọkàn balẹ̀. Bí GNOME bá wù ú, bátìrì kò ní kó má lò ó. Ẹni tó ní 4 lè mú Lubuntu. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò gbà ju bit 32 lọ ló le díẹ̀, torí Debian 13 tó jáde lóṣù Kẹjọ, ọdún 2025 kò ṣeé gbé sórí irú rẹ̀ mọ́, àmọ́ antiX 23 ṣì ní ẹ̀dà tirẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kó fáìlì yín síbòmíì kí ẹ tó gbé e wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ fi TLP sí i. Iṣẹ́ Thomas Koch ni, òun ni yóò máa bá yín pa ohun tí kò níṣẹ́. TLP àti power-profiles-daemon kì í gbé inú ilé kan náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò fún èkejì. Lórí ThinkPad, TLP lè dá iná dúró nígbà tí bátìrì bá kún dé ìdá 80 nínú 100 kí bátìrì má baà tètè gbó. Àmọ́ ẹni tí iná àdúgbò rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó lọ mọ̀ pé ìdá 20 tó ṣẹ́ kù yẹn lè jẹ́ gbogbo alẹ́ òun, kó fúnra rẹ̀ yan èyí tó dára.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdérí. Ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù tuntun kì í sùn tán bí ẹ bá pa á dé, bátìrì wọn á máa jò díẹ̀díẹ̀ nínú báàgì. T470 ṣì mọ oorun àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní S3, èyí tó fi RAM nìkan sílẹ̀ lójúfò. Ẹ tẹ cat /sys/power/mem_sleep. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà deep láàárín àkámọ́ nínú èsì, ẹ lè pa ẹ̀rọ dé láìbẹ̀rù. Bó bá jẹ́ s2idle ló wà níbẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ náà pátápátá kí ẹ tó gbé e rìnrìn àjò.