Fíìmù Àròsọ Sáyẹ́ǹsì: Láti Òṣùpá Dé Kàdúná

Ní ọdún 1902, Georges Méliès, onídán ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe fíìmù nípa àwọn tí wọ́n fi ìbọn àgbá ta lọ sínú òṣùpá. Ó gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Òun ló darí rẹ̀, òun náà ló sì ṣe ọ̀gá eré. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà dà á kọ láìgbàṣẹ, èrè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó di 1923, tòun ti ìbànújẹ́, ó dáná sun àwọn fíìmù ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló jẹ́ kí a ṣì rí i wò.

Lóde òní, ìfẹ́ ni àwọn òǹwòran fi ń dà á kọ. Láàárín 2009 sí 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn pín Star Wars ti ọdún 1977 sí ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníkálukú tún tirẹ̀ ṣe, wọ́n sì so ó pọ̀. Ní Kàdúná, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń jẹ́ The Critics Company ti fi fóònù ya irú fíìmù yìí. Ní 2019, òkìkí wọn kan kárí ayé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá dáwọ́ lé e, ẹ má pè é ní ìranù. Ẹ bá a tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.