"Minimum Fuel" àti "Mayday Fuel"

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ "minimum fuel" lè rò pé epo bàálù ti tán. Rárá o. Ohun tí awakọ̀ òfuurufú ń sọ ni pé pápákọ̀ kan ṣoṣo ló kù tóun lè balẹ̀ sí, àti pé bí wọ́n bá tún dá òun dúró, epo òun lè dín sí èyí tí òfin ní kó ṣẹ́ kù. Fún jẹ́ẹ̀tì, àṣẹ́kù yẹn jẹ́ epo ìṣẹ́jú 30, bó bá ń yí po ní ẹsẹ̀ bàtà 1,500 lókè pápákọ̀. Ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe igbe.

Igbe ni "Mayday fuel". Èdè Faransé ni "mayday" ti wá: ẹ gbà mí! Ẹni tó bá ké e ti ṣírò pé òun yóò jẹ wọnú àṣẹ́kù náà kóun tó balẹ̀.

Ó dùn mí pé àìsọ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan lè ná èèyàn ní ẹ̀mí. Ní January 25, 1990, bàálù Avianca 052 láti Kòlóńbíà yí po lójú ọ̀run fún nǹkan bíi wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú 17 nítorí ojú ọjọ́ kò dára ní New York. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀ bi igbákejì awakọ̀ níbi tó lè yà sí. Ó ní Boston ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn ò lè dé ibẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀bẹ̀ fún "priority", ìyẹn ni kí wọ́n fi tiwọn ṣáájú. Kò pè é ní pàjáwìrì. Epo tán, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú, bàálù já sí ìlú Cove Neck, èèyàn 73 sì kú.