Ẹrù oko láti Ìpògùn

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́ta tá a jọ ń gbé ilé kan ní Àkúrẹ́ dá owó jọ fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ní Ìpògùn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń di ẹ̀fọ́ sínú páálí, táá fi rán dẹ́rẹ́bà sí wa. Kì í lo ajílẹ̀ òyìnbó, kì í fín oògùn. Àdéhùn wa ni pé ohun tí oko bá mú wá la ó gbà; a ò ní yàn.

Páálí kejì ló dá wàhálà sílẹ̀. Kò sí ṣọkọ, kò sí tẹ̀tẹ̀. Ewé kan ń rùn bí àgbo, òmíràn sì dà bí ìtàkùn lásán. Díẹ̀ ló kù kí n kó wọn dànù kí n tó pe màmá mi àgbà.

"Ẹ̀bọ̀lọ̀ lo fẹ́ dànù? Ọmọ Oǹdó wo lo wá jẹ́?" Wọ́n ní kí n bọ̀ ọ́, kí n má jẹ́ kó pẹ́ nínú omi gbígbóná, kí n fún un dáadáa kó tó wọnú ata àti epo. Ìtàkùn yẹn, wọ̀rọ̀wọ́ ni. Nígbà tí mo tọ́ ọbẹ̀ náà wò, mo rí i pé mo ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré. Mi ò kàn rí ewé rẹ̀ rí kó tó dé ìkòkò ni.

Irú àdéhùn yìí ti pẹ́ káàkiri ayé. Ní Japan, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àgbẹ̀ láìlo oògùn sílẹ̀ ní 1971, àwọn ìyàwó ilé sì ń bá àgbẹ̀ ṣe àdéhùn tààrà tí wọ́n ń pè ní teikei. Ní Tuskegee ní Alabama, ọ̀jọ̀gbọ́n adúláwọ̀ kan, Booker T. Whatley, gba àgbẹ̀ kékeré níyànjú pé kó gba owó oníbàárà ṣáájú ìkórè. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1987. (Orúkọ tiẹ̀ kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo ń wá ìtàn yìí, ó sì dùn mí díẹ̀.) Ní 1993, Guy Watson bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí ẹ̀fọ́ kiri ilé àwọn èèyàn ní Devon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti ń fi ẹrù oko ránṣẹ́ sáwọn ará ìgboro tipẹ́. Oko kòkó ni púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́ inú ẹrù yẹn ti ń wá. Wọ̀rọ̀wọ́ fẹ́ràn òjìji abẹ́ kòkó, ẹ̀bọ̀lọ̀ sì máa ń hù fúnra rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán tàbí tí wọ́n dáná sun. Láti 1947 títí di 1986 ni bọ́ọ̀dù ìjọba fi ń ra kòkó, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló wọn wọ̀rọ̀wọ́? Igi kan náà ló ṣíji bò ó, àmọ́ ọ̀rọ̀ kòkó ló kún inú ìwé ìtàn. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni ìmọ̀ ti ewé wà, ẹnu ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dara pọ̀ mọ́ àwọn ará Kánádà ní 2011 láti ṣiṣẹ́ lórí àwọn ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ bí ìgbágbá, tẹ̀tẹ̀ àti ugu. Inú mi dùn sí i, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó dé.

Oògùn apakoríko ò mọ ìyàtọ̀ láàárín koríko àti ẹ̀fọ́. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, wọ̀rọ̀wọ́ ò sí nínú páálí wa mọ́. A pe ìyá náà. Wọ́n ní ẹni tó gba oko kòkó tí àwọn ti ń já a ti fín gbogbo abẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gé ìtàkùn mẹ́rin tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé wọn, wọ́n wé e sínú ewé kókò tútù, wọ́n fi ránṣẹ́. A rì í sábẹ́ máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Méjì hù. Lándílọ́ọ̀dù ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ọjọ́ wo la máa ṣán igbó yẹn.